Owó Láìsí Iṣẹ́, Ìdájọ́ Láìsí Ìwádìí: Ẹ̀kọ́ Tí Ọmọdé Ń Kọ́ Lára Fíìmù Àgbéléwò Onitsha

Ìfáàrà

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá tẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ orí ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn kò ju 20 lọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ń sun orí rẹ̀ láti fi ṣe oògùn owó. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ, ó ní orí Facebook ni òun ti rí i. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé iwájú àwọn aṣòfin ní Abuja. Wọ́n ní kí ìjọba kéde pàjáwìrì lórí ìpànìyàn fún oògùn owó. Mínísítà fún Ètò Ìròyìn nígbà náà, Lai Mohammed, sì ní kí ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò mójú tó àwọn fíìmù tí ń ṣàfihàn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Orí fíìmù ni wọ́n di ẹrù ẹ̀bi náà lé.

Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe tuntun. Bí ọmọ bá ya ìyàkuyà, ohun tí ó ń wò ni àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Àwọn tí ń gbèjà fíìmù náà ní ìdáhùn kan tí wọn kì í yí padà: wọ́n ní kò sí fíìmù tí olóògùn owó ti jẹ ayé títí kan ọjọ́ alẹ́. Bí kò bá ya wèrè, á kú ikú oró. Bí kò bá kú, á sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ ronú pìwà dà. Àwọn kan ní fíìmù ń kọ́ ọmọ ní ìwà ibi. Àwọn kejì ní ìwà ibi náà gan-an ni fíìmù ń bá wí. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibì kan náà ni ìhà méjèèjì tẹjú mọ́, ibẹ̀ kọ́ sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ìgbẹ̀yìn fíìmù ni wọ́n ń wò. Ẹ̀kọ́ tí ó ń wọ ọmọdé lára kò sí nínú ìdájọ́ ìgbẹ̀yìn. Ó wà nínú ohun tí fíìmù kà sí òótọ́ tí kò nílò ẹ̀rí, ó sì wà nínú ohun tí fíìmù dákẹ́ lé.

Onitsha ni ìlú tí ó bá àyẹ̀wò yìí mu jù. Kò sí ìlú mìíràn ní Nàìjíríà tí ọjà rẹ̀ ti pèsè ìwé fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà tí Onitsha gbà pèsè rẹ̀, tí ó tún wá di ọ̀kan lára ibùdó ńlá tí a ti ń ta fíìmù àgbéléwò. Kí òǹkàwé Yorùbá má sì rò pé ọ̀rọ̀ ará òkè odò ni. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú Ìgbò.

Ìwé Pẹlẹbẹ Ṣáájú Fíìmù

Ìtàn ìwé ní Onitsha kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, wà lára àwọn tí ó dá iṣẹ́ ìjọ CMS sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1857, ọdún yẹn kan náà ni ó sì tẹ ìwé àkọ́kà jáde ní èdè Ìgbò. Láti ìgbà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń pọ̀ sí i ní ìlú etí Odò Ọya yìí. Wọ́n dá Dennis Memorial Grammar School sílẹ̀ ní 1925, Christ the King College sì tẹ̀ lé e ní 1933. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ọjà ńlá Onitsha wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ilẹ̀ ti ń já ẹrù. Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà ti pàdé ni ìwé pẹlẹbẹ ti ṣẹ̀ wá.

Ó tó ọdún 1947 sí 1948 tí ilé ìtàwé Tabansi tẹ When Love Whispers, iṣẹ́ Cyprian Ekwensi, jáde. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ìwé pẹlẹbẹ ń ya jáde ní ọjà náà bí omi. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ inú ọjà, àwọn awakọ̀ àti àwọn akọ̀wé kéékèèké ni ó ń rà wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Obiechina ni ó sọ wọ́n di ohun tí àwọn lámèyítọ́ ń kà sí, nínú ìwé tí ó kọ lórí wọn ní ọdún 1973. Onitsha bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní 1968. Ọjà rẹ̀ jóná nínú ogun náà, òwò ìwé pẹlẹbẹ kò sì padà sí bí ó ti wà mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni ojú méjì tí wọ́n ní. Speedy Eric kọ Mabel the Sweet Honey that Poured Away, ìtàn ọmọbìnrin tí ó ṣe aṣẹ́wó tí ó sì kú ní rèwerèwe. Oyin ni ó ṣáájú nínú àkọlé ìwé náà, ìdánù ni ó gbẹ̀yìn. J. O. Nnadozie kọ Beware of Harlots and Many Friends, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí ó ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ mọ bí aṣẹ́wó náà ṣe ń ṣe kí ó tó dé ibi ìkìlọ̀. Yorùbá náà ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ìtàn obìnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ tí ó wá ń fi omijé kọ ìwé lórí àìsàn. Ẹkún ni ó fi bò ó lójú, ṣùgbọ́n adùn ìgbésí ayé àná ni ó mú kí àwọn èèyàn máa retí ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.

Pẹ̀lú ojú méjì yìí, ohun kan wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ó ṣọ̀wọ́n nínú fíìmù tí ó tẹ̀ lé e. Okenwa Olisah pe ọ̀kan nínú ìwé tirẹ̀ ní Money Hard to Get but Easy to Spend. Àkọlé náà fúnra rẹ̀ sọ pé owó ṣòro í rí. Owó ní ọ̀nà tí ènìyàn ń tọ̀ kí ó tó dé ibi tí ó wà, ọ̀nà náà sì jìn. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ mìíràn tilẹ̀ ń kọ́ ọ̀dọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà àti bí a ti ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí yóò dìde láyé ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́. Ọ̀nà jíjìn yìí ni ó dàwátì nínú fíìmù.

Ó Burú, Kò Sọ Pé Irọ́ Ni

Fíìmù tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún òwò àgbéléwò ní èdè Ìgbò ni Living in Bondage. Kenneth Nnebue gbé e jáde ní 1992, Chris Obi Rapu ni ó darí rẹ̀, apá kejì sì tẹ̀ lé e ní 1993. Nnebue kì í ṣe òṣèré láti ilé wá. Ọlọ́jà ni, kásẹ́ẹ̀tì àti àwọn ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ni ó ń tà. Kí ó tó ṣe fíìmù Ìgbò yìí, ó ti náwó lórí fíìmù Yorùbá. Lọ́dọ̀ àwọn òṣèré tíátà Yorùbá ni ó ti rí i pé èèyàn lè ya eré sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí ó sì tà á tààrà fún ẹni tí yóò wò ó nílé. Ẹni tí ó bá ń bú fíìmù àwọn ará Onitsha gbọ́dọ̀ rántí ẹni tí ó kọ́ wọn ní apá kan iṣẹ́ náà.

Andy Okeke, tí Kenneth Okonkwo ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí nǹkan kò ṣẹnuure fún ní Èkó. Ó ní ìyàwó, Merit, obìnrin onísùúrù tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Andy ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, Paulo, pàdé. Paulo mú un dé inú ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹgbẹ́ náà sì ní kí ó mú ẹni tí ó fẹ́ràn jù wá. Merit kú, owó dé. Lẹ́yìn náà ni òkú Merit bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i, tí orí Andy yí, tí ó di ìgboro, kí ó tó rí ìtúsílẹ̀ nínú ìjọ Ọlọ́run ní apá kejì.

Bí a bá wo ìgbẹ̀yìn nìkan, ìwàásù ni fíìmù yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀, ohun mìíràn hàn. Iṣẹ́ kò gbe Andy, ìlú Èkó kò gbè é. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ó ṣèlérí fún un tí ìlérí náà sì ṣẹ. Wọ́n ní bí ó bá mú ẹ̀jẹ̀ wá, yóò rí owó. Ó mú ẹ̀jẹ̀ wá, ó rí owó. Nínú ayé tí fíìmù náà dá sílẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé tó ẹgbẹ́ òkùnkùn. Fíìmù náà pariwo pé oògùn owó burú. Kò sí ibì kan tí ó ti sọ pé irọ́ ni.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí a bá sọ fún pé nǹkan burú ti gbọ́ pé nǹkan náà wà, pé ó ń ṣiṣẹ́, àti pé iye kan wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó gbé iye náà sórí òṣùwọ̀n. Bí ebi bá pọ̀, bí ẹ̀gàn bá pọ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀, ó lè pinnu pé òun yóò san án, òun yóò sì ronú pìwà dà níkẹyìn bí Andy ti ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá mọ̀ pé irọ́ ni kò ní ohunkóhun láti wọ̀n. Kò sí ẹni tí ń bá ọjà tí kò sí nílẹ̀ dúnàádúrà. Irú àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ ní Abẹ́òkúta kò ṣaláì gbọ́ pé ìpànìyàn burú. Gbogbo fíìmù ni ó ń sọ ọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ ni pé owó kan kò sí nínú orí tí wọ́n ń sun.

Ó yẹ kí a fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́. Living in Bondage kò jáde lófìfo. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti gbé ètò SAP kalẹ̀, owó oṣù ń dínkù, ọjà ń wọ́n, síbẹ̀ àwọn kan ń di ọlọ́rọ̀ lójijì tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ wọn. Fíìmù yìí ní ìgboyà láti béèrè ìbéèrè tí àgbà Ìgbò àti àgbà Yorùbá ì bá béèrè láyé àtijọ́: níbo ni o ti rí i? Àgbàlagbà tí ó mọ ìlú lè ka gbogbo ìtàn náà sí àwàdà kíkorò lórí àwọn alágbára àsìkò náà. Ọmọdé kò ní ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó gbà. Ìlàjì ìtàn náà sì kò yí padà: ní 2019, nígbà tí Ramsey Nouah darí Living in Bondage: Breaking Free, ìtàn Nnamdi ọmọ Andy, aṣọ ti dára sí i, ọkọ̀ ti dán sí i, àwòrán ti mọ́ kedere sí i, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 27, oògùn owó ṣì ń jẹ́ bí idán.

Iṣẹ́ Tí Kò Hàn

Ohun tí fíìmù dákẹ́ lé ni ó kàn. Bí owó bá wà ní Onitsha, kò sí ẹni tí kò mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ètò kan wà tí àwọn Ìgbò ń pè ní igba boi. Ọmọ kan á kúrò ní abúlé, wọn á fà á lé ọlọ́jà kan lọ́wọ́. Yóò máa gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò máa gbé ẹrù, yóò máa kọ́ orúkọ ọjà àti iye rẹ̀, yóò mọ oníbàárà tí ó ṣe é tà fún láwìn àti èyí tí kò ṣe é tà fún. Kò ní gba owó oṣù. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní owó ìdásílẹ̀ kí òun náà lè dá dúró. Ó fara jọ fíríìdọ̀mù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá, àfi pé ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì ni ó sábà máa ń sanwó fún ọ̀gá rẹ̀ níhìn-ín. Lọ́hùn-ún, ọ̀gá ni ó ń fún ọmọ iṣẹ́ lówó.

Lórí ètò yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù Onitsha dúró lé. Orí rẹ̀ náà ni òwò fíìmù dúró lé. Àwọn olùtajà fíìmù ní Iweka Road, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó àti Pound Road ní Aba, jẹ́ ọlọ́jà kí wọ́n tó di onífíìmù. Wọ́n mọ ohun tí a ń pè ní sùúrù ọdún méje. Síbẹ̀, nínú fíìmù tí wọ́n ń náwó lé, ọdún méje náà kò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin á jókòó pẹ̀lú òṣì ní ìran kan. Ní ìran kejì á jáde láti inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àárín ìran méjèèjì, pẹpẹ òkùnkùn ni. Àwọn tí ó mọ ọ̀nà owó jù ni ó fi ọ̀nà náà pamọ́ fún ọmọdé.

Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ kò ní adùn eré nínú kò tíì wo ọjà dáadáa. Gbogbo ìlú ni ó mọ ìtàn ọmọ iṣẹ́ tí ó ku díẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ dá a sílẹ̀, tí wọ́n wá fi ẹ̀sùn olè kàn án, tí wọ́n lé e padà sí abúlé lọ́wọ́ òfo. Ìjà wà nínú èyí, ẹkún wà níbẹ̀, ìwà ìbàjẹ́ àti ìwà ọmọlúàbí wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá wo irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ bí ayé ṣe ń lọ ní tòótọ́: yóò rí i pé owó lè ti inú iṣẹ́ wá, yóò sì rí i pé ènìyàn lè jí iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Ìbínú rẹ̀ yóò dojú kọ ẹni tí ó yẹ. Nígbà tí fíìmù bá fi òkùnkùn rọ́pò ọ̀gá burúkú, ọ̀gá burúkú ti bọ́.

Àdá Tí Kì Í Ṣìnà

Àlàfo kan náà tí ó wà láàárín òṣì àti owó wà láàárín ẹ̀sùn àti ìdájọ́, Onitsha náà sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ ti hàn jù. Nígbà tí àwọn adigunjalè kò jẹ́ kí ọlọ́jà sùn mọ́, Gómìnà Chinwoke Mbadinuju gba àwọn Bakassi Boys, tí àwọn ọlọ́jà Aba ti kọ́kọ́ lò, wọ Ìpínlẹ̀ Anambra ní ọdún 2000, òfin ìpínlẹ̀ náà sì sọ wọ́n di ẹ̀ṣọ́ ìjọba. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí wọ́n bá fi àdá wọn kan ọrùn ẹni tí wọ́n mú, àdá náà yóò yí àwọ̀ padà bí ẹni náà bá jẹ̀bi. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láìsí ìgbẹ́jọ́, ní ìta gbangba, lójú ọmọdé àti àgbà. Human Rights Watch tẹ ìjábọ̀ jáde lórí ìpànìyàn náà ní 2002, ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ sì gbé ọlọ́pàá dìde sí wọn.

Láàárín àsìkò yìí ni Issakaba jáde, fíìmù oníapá púpọ̀ tí Lancelot Oduwa Imasuen darí. Bí a bá yí lẹ́tà orúkọ náà padà láti ẹ̀yìn, Bakassi ni a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kà. Sam Dede ni ó ṣe Ebube, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, ọmọdé káàkiri Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n. Nínú fíìmù yìí, àdá mọ olè. Kò sí pé a ń wá ẹlẹ́rìí, kò sí pé a ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú Issakaba, ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kò nílò gbígbọ́, òṣìkà sì kọ́ ni a pe adájọ́, akọni ni.

Ohun tí ó yẹ kí ọmọdé mọ̀ ni ìdí tí àdá inú fíìmù kò fi lè ṣìnà. Kò lè ṣìnà nítorí pé ẹni tí ó kọ ìtàn ti mọ olè náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ní ojú títì Onitsha, kò sí òǹkọ̀wé kankan tí ó mọ̀. Àdá tí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ kò mọ ju ohun tí ọwọ́ tí ó dì í mú mọ̀ lọ, tàbí ohun tí ọ̀tá ẹni tí wọ́n mú ti lọ sọ fún un. Bí ọmọ tí ó wo Issakaba bá dàgbà, tí ó sì bá àwùjọ ènìyàn tí wọ́n gbé táyà sí ọrùn ẹni tí wọ́n pè ní olè, kí ni yóò mú kí ó béèrè ẹ̀rí? Gbogbo ohun tí ó ti wò ti fi yé e pé ẹni tí a bá ti mú ti jẹ̀bi.

Ẹnu Ọ̀nà Àlọ́

Àwọn kan lè sọ pé àlọ́ Yorùbá náà kún fún oògùn tí ń jẹ́. Òótọ́ ni. Oògùn ọmọ tí babaláwo sè fún Yánníbo ṣiṣẹ́. Ọ̀kánjúwà Ìjàpá ni ó mú kí ó ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kò yẹ. Ìjàpá a máa ṣe jìbìtì, ọmọdé a sì máa rẹ́rìn-ín. Kí ni ó wá fi àlọ́ hàn yàtọ̀ sí fíìmù?

Àlọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Apàlọ́ á pe ààlọ́, àwọn ọmọ á dáhùn, gbogbo wọn á sì mọ̀ pé àwọn ti kúrò nínú ayé tí ewúrẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá parí, apàlọ́ á fi agogo ẹnu rẹ̀ búra, kí gbogbo wọn tó jáde padà sínú ayé. Àárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Fíìmù àgbéléwò kò ní ẹnu ọ̀nà. Òpópónà tí ọmọ mọ̀ ni ó rí, irú ilé tí ó ń wò lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni ó rí, àwọn ènìyàn ń sọ èdè ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé. Àárín òpópónà gidi yìí ni wọ́n gbé pẹpẹ òkùnkùn sí. Ọmọ kò mọ ibi tí ìròyìn pin sí tí àlọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ NTA gbìyànjú láti gbé ẹnu ọ̀nà náà wọ orí amóhùnmáwòrán ní 1984 pẹ̀lú Tales by Moonlight, níbi tí àwọn ọmọ ti jókòó yí àgbà apàlọ́ ká. Ó dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí ó wà nílé kò lè béèrè ìbéèrè tirẹ̀. Ṣáájú èyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Cock Crow at Dawn tí Peter Igho ṣe fún NTA ti fi hàn pé ilẹ̀ ríro, òjò àti ìkórè lè di eré tí gbogbo ilé ń retí. Kì í ṣe pé amóhùnmáwòrán kò lè fi iṣẹ́ hàn. Ó ti ṣe é rí.

Àbá tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń mú wá ni pé kí òbí jókòó ti ọmọ bí ó bá ń wo fíìmù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àbá yìí kò tó bí àgbà náà bá gba ohun kan náà gbọ́. Ìyá tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lè sọ fún un pé, "Má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kì í dára." Òun náà kò ní sọ pé irọ́ ni, nítorí ó gbà pé òótọ́ ni. Oníwàásù ní ọjọ́ Ìsinmi gbà pé òótọ́ ni. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ bí ẹni pé òótọ́ ni. Aṣòfin tí ń bínú sí i ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni. Àgbà wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí àgbà gan-an ni ó ti wọ́.

Òfin àti Ohun Tí Kò Lè Dé

Òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀ jáde ní 1993, ọdún kan lẹ́yìn tí Living in Bondage dé orí àtẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọ̀gá àgbà ìgbìmọ̀ náà, Shaibu Husseini, kéde ní Enugu pé ìlànà tuntun ti wà tí yóò ká àwọn tí ń fi oògùn owó, ìpànìyàn fún oògùn àti sìgá mímu ṣe ohun iyì nínú fíìmù lọ́wọ́ kò. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dá lórí fífi nǹkan ṣe ohun iyì, olùgbéfíìmùjáde á dáhùn pé òun kò fi ṣe ohun iyì rárá: òun ti sọ Andy di wèrè. Ìdáhùn náà yóò sì tọ̀nà. Fíìmù tí ó fi wèrè parí lè kọjá níwájú ìgbìmọ̀ láìní àbùkù, kí ọmọ tí ó wò ó sì gba inú rẹ̀ kọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń di owó. Yàtọ̀ sí èyí, kásẹ́ẹ̀tì àti àwo orí àtẹ Iweka Road ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú. Inú fóònù ni ọmọ ti ń wo nǹkan báyìí, ibẹ̀ kò sì ní olùtajà tí a lè pè wá jẹ́jọ́.

Iṣẹ́ kù sọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀. Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ lórí fíìmù Yorùbá àti Ìgbò, ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀yìn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń wá: fíìmù yìí kọ́ wa pé olè kò dára, tọ̀hún kọ́ wa pé sùúrù lérè. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò kọjá ohun tí fíìmù fẹ́ kí a sọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti bi fíìmù ni pé: kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìran òṣì àti ìran ọlà? Ta ni ó ṣiṣẹ́ nínú ìtàn yìí, iṣẹ́ wo sì ni ojú wa rí? Báwo ni adájọ́ ṣe mọ̀? Fíìmù Yorùbá kò gbọ́dọ̀ bọ́ nínú àyẹ̀wò yìí. Olóògùn owó tí ó há ènìyàn mọ́ inú yàrá, tí ẹni náà sì ń pọ owó, kò ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Kí a tó lé akátá jìnnà, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ṣùgbọ́n adìẹ náà ti ń jẹ̀ kiri láti ọjọ́ yìí.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé pẹlẹbẹ Onitsha ní àbùkù púpọ̀: èdè rẹ̀ rí pálapàla, ojú rẹ̀ pé méjì, oyin ni ó sì fi ń ta ìkìlọ̀. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé kan níbẹ̀ lè kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pé owó ṣòro í rí, kí ọmọ iṣẹ́ tí ó gbé ẹrù láti àárọ̀ sì rà á nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Fíìmù tí ó gba ipò ìwé náà ní àwòrán tí ó mọ́ jù, ohùn tí ó dùn jù, ìwàásù tí ó pariwo jù. Ohun kan ṣoṣo tí ó pàdánù ni òótọ́ yẹn. Ìlú tí ó ń fi ọdún méje dá ọmọ sílẹ̀ ń ta ìtàn owó òru kan fún àwọn ọmọ náà.

Kò burú bí àwọn òbí bá ń sọ fún ọmọ pé oògùn owó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí a óò lè jókòó ti ọmọ níwájú fíìmù kí a sì sọ ọ́ láìfòyà pé kò sí owó nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, pé àdá kò mọ olè, ọ̀rọ̀ tí ó kù ni fíìmù yóò máa bá ọmọ sọ.